Èsì: Wáyà àárín apá Hawker Fury

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní wáyà tí ẹ ta sáàárín apá òkè àti tìsàlẹ̀ Hawker Fury kékeré tí ẹ ń tò (àwòṣe bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí apá rẹ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀) ń dẹ̀, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ kun bàálù náà kí ẹ tó lẹ apá òkè. Ẹ kùn ún ná! Tí apá òkè bá ti jókòó, búrọ́ọ̀ṣì ò ní ráàyè wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ní ti wáyà, òwú tó ń fà bíi rọ́bà ni kí ẹ lò. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ lu ihò 0.3 mm síbi tí wáyà kọ̀ọ̀kan máa wọ̀. Ẹ ki orí òwú bọ ihò òkè, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán súpà gúlù bíńtín sí i, ẹ dúró kó gan, kí ẹ tó fà á wá sísàlẹ̀. Ẹ má fà á jù, apá á tẹ̀. Wáyà Fury gidi pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe roboto, torí náà òwú pẹlẹbẹ ló bá a mu jù.

Èéfín gúlù yẹn ńkọ́? Ó ti sọ gíláàsì iwájú awakọ̀ tèmi di funfun báláú rí. Ìgbẹ̀yìn ni mo ń lẹ gíláàsì báyìí.

Ẹ má kun gbogbo rẹ̀ ní fàdákà kan náà o. Irin dídán ló bo ẹ́ńjìnnì Kestrel níwájú. Aṣọ tí wọ́n kùn ni apá, kì í dán tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti 43 Squadron, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ gba Fury ní 1931, ẹ wá àmì dúdú-funfun tó dà bí ojú pátákó dráàfù.