Ṣé wíwa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí epo ló ń rẹ ọkọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Awakọ̀. Mówe là ń gbé, Ìkẹjà ni èmi àti ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kan náà la jọ ń gbé lọ. Látìgbà tí epo ti wọ́n ni ọkọ mi ti ní òun ò sáré mọ́. Kò ní jẹ́ ká tan ẹ́síì, bí ọ̀nà bá sì ti dà gẹ̀rẹ́, á ti jíà sí fíríì. Bó bá délé, á ní gbogbo ara ń ro òun, á wá máa kanra mọ́ àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ bí èmi bá wà á, tí n ò sáré, ńṣe lara máa ń tù mí. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ká tan ẹ́síì ni, àbí ká ṣí fèrèsé? — Ìyàwó ilé kan, Mówe

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ jàre, ọkọ yín náà jàre. Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Mo wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ láàárín Ìbàdàn sí Èkó títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ọ̀nà yín yẹn bí ẹní mowó. Ìrònú owó ló ń rẹ ọkọ yín. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó igba náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Lọ́la, tí ẹ bá jókòó tì í, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ lórí sítíárìn. Ẹ ó rí i pé eegun ìka ti yọ gángan, èjìká ti gòkè fẹ́ẹ̀ kan etí, ojú kò sì kúrò lára géèjì epo. Ẹni tó bá jókòó báyẹn láti Mówe dé Ìkẹjà, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́ ni?

Ẹ ní kó gbójú kúrò níbẹ̀. Bó bá fẹ́ mọ bí epo ṣe ń lọ, kó kún táńkì, kó kọ iye kìlómítà sílẹ̀, kó ṣírò ẹ̀ nígbà tó bá tún fẹ́ kún un. Ilé epo ni kó ti máa ṣe ìṣirò.

Lójú ọ̀nà, kó máa wo iwájú, kó wò ó jìnnà. Ẹ mú Kara, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù lẹ́bàá odò Ògùn, tí ọkọ̀ máa ń tò jọ. Ẹni tó bá ń wo ìdí ọkọ̀ iwájú ẹ̀ nìkan á tẹ tọ́tù débẹ̀, á ki bíréèkì mọ́lẹ̀, á tún tẹ tọ́tù. Gbogbo epo tó fi gbéra yẹn, bíréèkì ti sọ ọ́ di ooru, ó ti gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí iná pupa tó ń tàn lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á kàn gbẹ́sẹ̀ ni, ọkọ̀ á máa yọ́ lọ. Ìgbà tó bá fi máa débẹ̀, àwọn tó wà níwájú á ti máa ṣí, òun ò sì ní dúró rárá. Ẹsẹ̀ kò ṣe wàhálà, àyà kò já. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé bí ẹ̀yin ṣe ń wà á nìyẹn, ibẹ̀ ni ìtura yín ti ń wá.

Ti fíríì yìí ló ká mi lára jù. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó jáwọ́. Ọkọ̀ òde òní tó ń lo injector láti fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, bó bá wà nínú jíà tó ń sáré bọ̀, tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ á dá epo dúró, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ti wá ti jíà sí fíríì, epo gbọ́dọ̀ tún ṣàn kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ó ń ṣọ́wó ná, ó sì tún ń jó epo. Èyí tó burú ni pé ẹ́ńjìnnì kò ran bíréèkì lọ́wọ́ mọ́, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ti di ti bíréèkì nìkan. Awakọ̀ tó ń yí bọ̀ báyẹn níwájú tírélà, ara ẹ̀ ò lè balẹ̀, bó bá tilẹ̀ ní òun ò bẹ̀rù.

Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Bó bá ń rá lọ ní 50 lọ́wọ́ òsì, danfó á fọn fèrè sí i, jíìpù á máa ṣẹ́ná sí i lẹ́yìn, ìyẹn nìkan tó orí fọ́. Kó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, kó wà ní bí 80. Òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè dé 100 lọ́nà márosẹ̀, kò sì sídìí tó fi yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀: agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ní 120 ju ìlọ́po méjì ti 80 lọ. Kó sì jẹ́ kí fọgánáísà wọn afẹ́fẹ́ inú táyà láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ní ti ẹ́síì: nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Berger, ẹ ṣí fèrèsé, bí èéfín ò bá pọ̀. Bí ọ̀nà bá ti là, tí ọkọ̀ ń sáré, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan ẹ́síì. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, epo tí ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ ní èmi ni mo ní kó tàn án láti Kara títí dé Mówe.