Bitrate ló ń sọ fáìlì fídíò di ńlá, kì í ṣe 720 tàbí 1080

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ l'Ákùúrẹ́ níbí, o ya fídíò ìgbéyàwó wákàtí 2, ìgbà tó o export ẹ̀ tán (ìyẹn tó o ní kí sọ́fítíwià kọ ọ́ di fáìlì) ó di 45GB, o wá fa resolution ẹ̀ wá sílẹ̀ láti 1080 sí 720, o tún fi gbogbo òru rẹ́ńdà, ìgbà tílẹ̀ máa mọ́ 45GB náà ló ṣì ń jẹ́. O wá ń béèrè pé ṣé sọ́fítíwià ẹ ló bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́ rárá. Ohun tó ṣe ẹ́ yìí ti ṣe mí rí, mi ò rí ẹni ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lásìkò, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ mi ò ṣeé rà padà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ.

Ohun méjì péré ló ń pinnu bí fáìlì fídíò ṣe máa tóbi tó: iye dátà tó ń jẹ ní sẹ́kọ́ńdì kan, àti iye sẹ́kọ́ńdì tó wà nínú ẹ̀. Ó tán. Iye tó ń jẹ ní sẹ́kọ́ńdì kan yẹn ni bitrate. Jẹ́ ká ṣírò tìẹ. O sọ pé 50Mbps, ìyẹn megabit 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan, lo kọ síbẹ̀. Wo b yẹn dáadáa o, b kékeré ni, bit ló ń jẹ́, bit 8 ló sì ń di byte 1. Torí náà pín 50 sí 8, wàá rí 6.25MB ní sẹ́kọ́ńdì kan. Wákàtí 2 jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 7,200. 6.25 lọ́nà 7,200 jẹ́ 45,000MB, ìyẹn 45GB ẹ gan-an nìyẹn. Níbo lo ti rí 1080 nínú ìṣirò yẹn? Kò sí níbẹ̀. 720 náà ò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ b kékeré àti B ńlá yẹn, má fojú kéré ẹ̀ o. Èmi ra káàdì olówó ńlá rí torí kámẹ́rà mi ń ya 100Mbps, mo rò pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ káàdì tó ń kọ 100MB ní sẹ́kọ́ńdì kan. 100Mbps ò ju 12.5MB lọ. Káàdì tí wọ́n bá kọ V30 sí lára, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò ní kọ dín sí 30MB ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn ti tó iṣẹ́ náà ó tún ṣẹ́kù. Owó tí mo ná dànù nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nìyẹn, àwọn tó ń ta káàdì lọ́jà ò sì ní jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ.

Wàá ní kí wá ni iṣẹ́ resolution, ìyẹn iye píksẹ́ẹ̀lì (àmì kékeré aláwọ̀) tó para pọ̀ di àwòrán kan, nígbà náà. Fojú iyán wò ó. Bitrate ni iyán tó wà nínú odó, resolution ni iye àwo tá a fẹ́ bù ú sí. Tó o bá gún iṣu márùn-ún, bóyá àwo 10 lo bù ú sí o, bóyá àwo 40 ni o, iyán yẹn náà ni, kò lè pọ̀ sí i kò lè dín kù, ohun tó máa yí padà ni òkèlè tó máa kan àwo kọ̀ọ̀kan. 720 ní píksẹ́ẹ̀lì 921,600 nínú àwòrán kan, 1080 ní 2,073,600, 4K ní 8,294,400. Ìgbà tó o wá sílẹ̀ sí 720 tó o ṣì fi 50 síbẹ̀, àwo lo dín kù, o ò dín iyán kù, ni àwo kọ̀ọ̀kan bá kún àkúnya, àwòrán ẹ ò sì mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. O pàdánù lọ́nà méjèèjì.

Ìdí táwọn èèyàn fi máa ń búra pé 720 ló ń dín fáìlì kù ni pé nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià, tó o bá yan preset 720, ìyẹn ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún ẹ, òun fúnra ẹ̀ ń dín bitrate kù lábẹ́lẹ̀ láìsọ fún ẹ. Ìwọ ti fọwọ́ ara ẹ kọ 50, kò lè yí i padà. 60fps (àwòrán 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan) dípò 30 náà, ọ̀rọ̀ àwo kan náà ni, àwòrán tó máa pín iyán náà ló di ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n gbogbo àlejò, ìyẹn àwọn àwòrán tó ń jẹ iyán náà, kọ́ ni ebi ń pa bákan náà o, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Encoder, ìyẹn apá sọ́fítíwià tó ń fún fídíò pọ̀, kì í kọ gbogbo àwòrán sílẹ̀ lódindi. Ó ń wo àwòrán tó kọjá, ó ń wo èyí tó tẹ̀ lé e, ohun tó yí padà láàárín wọn ló máa ń náwó lé lórí jù. Pásítọ̀ tó dúró sídìí pẹpẹ tó ń wàásù, ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ ò mira, aṣọ ìkélé ò mira, ọwọ́ ẹ̀ àti ẹnu ẹ̀ nìkan ló ń lọ, ìyẹn ti jẹun wá láti ilé, díẹ̀ ló máa jẹ. Wá lọ wo ojú agbo lóde ìnáwó wa níbí, ankò léèsì tí wọ́n fi òkúta dídán sí, owó tó ń já bọ́, iná aláwọ̀ mèremère tó ń ṣẹ́jú, èéfín tí DJ ń fẹ́ sáàárín èrò, gèlè ń mì tìtì lórí àwọn ìyá. Kò sí ibì kan tó dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Àlejò tí kò tíì jẹun láti àná nìyẹn. Ewé igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ àti òjò náà burú bákan náà.

Ní bíi ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn mo ya fídíò òkú àgbà kan nílùú Ìdànrè. Àbúrò olóògbé, ìyá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, dìde jó láàárín agbo, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí i ká, wọ́n ń nọ́wó fún un, kámẹ́rà mi sì wà níwájú ẹ̀ gan-an. Fídíò ọ̀hún jẹ́ wákàtí 2. Oníbàárà ní kí n fi sórí fíláàṣì 8GB kí ẹ̀gbọ́n wọn tó ń padà sílùú òyìnbó lè gbé e dání. Kò wọlé. Mo sọ ọ́ di 720 bíi tìẹ, kò wọlé. Iná ò sí lọ́sẹ̀ yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń rẹ́ńdà, gbogbo ìgbà tí mo bá gbìyànjú ẹ̀ jẹ́ odindi òru kan àti epo. Ẹnì kan tá a jọ wà nídìí iṣẹ́ wá sọ fún mi pé kí n fà á wá sílẹ̀ sí 1. Mo fi í sí 1Mbps. Ó di 900MB, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ibi ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ́, mo ní ó ti dáa, mo fi ránṣẹ́, mo sì pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ torí mo ní iṣẹ́ míì l'Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, màmá tó jó yẹn náà lọ. Ọmọ wọn pè mí, ó ní àwọn fẹ́ lo ibi tí màmá ti jó, ṣùgbọ́n ojú wọn ò hàn, ṣé mi ò ní èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ní. Mo ṣí i wò. Tí màmá bá dúró díẹ̀, ojú wọn á máa yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹ̀rín wọn, bí wọ́n bá ti gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, léèsì, owó, ojú, gèlè, gbogbo ẹ̀ á dà rú di igun mẹ́rin mẹ́rin bíi táìlì ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ìṣẹ́jú 11 tí wọ́n fi jó. Mo lọ sí Ìdànrè fúnra mi lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà, wọ́n tún fún mi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n fídíò yẹn ò lè padà mọ́ láé.

Ìgbà tí mo wá kọ́ ìṣirò yìí ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí VCD tá a fi ń wo fíìmù Yorùbá, 1,150kbps ni fídíò orí ẹ̀, ó fi díẹ̀ ju 1Mbps lọ, àwòrán ẹ̀ sì jẹ́ 352 lọ́nà 288 péré, ìyẹn píksẹ́ẹ̀lì 101,376. Èmi wá mú iyán tó kéré sí ti VCD, mo bù ú sí àwo tó fi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ti VCD lọ, lọ́jọ́ tí ebi ń pa gbogbo àlejò. Báwo ló ṣe máa yó wọn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn rèé, ohun tí ìwọ náà sì máa ṣe nìyí: bẹ̀rẹ̀ láti ibi fíláàṣì, kó o wá padà sẹ́yìn. Fíláàṣì 8GB, kọ̀ǹpútà máa sọ pé 7.4 ni, torí ọ̀nà tí òun ń gbà kà á yàtọ̀, torí náà ká lo 7GB kó lè ní àyè. 7,000MB lọ́nà 8 jẹ́ 56,000 megabit. Pín in sí sẹ́kọ́ńdì 7,200, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.8. Yọ 0.2 fún ohùn, wàá ní bíi 7.5Mbps fún àwòrán. 7.5! Èmi lo 1. Ojú màmá ì bá hàn kedere.

Má ṣahun sí ohùn o. 192kbps fún wákàtí 2 kò ju 173MB lọ, kékeré ló jẹ́ nínú gbogbo ẹ̀, oníbàárà sì lè fara mọ́ àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n orin àti oríkì tó ń ha létí, kò ní gbà á fún ẹ.

Ohun míì tó máa dà ẹ́ láàmú ni pé àyè á wà lórí fíláàṣì, yóò ṣì sọ pé fáìlì ti tóbi jù. FAT32 nìyẹn, ọ̀nà tí wọ́n fi ṣètò fíláàṣì náà, kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. O lè format ẹ̀ sí exFAT, àmọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ò ní kà á. Èmi ń gé e sí apá 2 ni, wákàtí kan kan, ní 7.5 yẹn ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ bíi 3.5GB, á wọlé.

Tó o bá fẹ́ kí fáìlì wọ ìwọ̀n kan pàtó báyìí, VBR 2-pass (bitrate tó ń yí padà, tó ń wo fídíò lẹ́ẹ̀mejì) ni kó o yàn. Ó máa wo gbogbo fídíò lẹ́ẹ̀kan kó tó kọ ọ́, á mọ ibi tí pásítọ̀ wà, á mọ ibi tí ijó wà, á gba lọ́wọ́ pásítọ̀ fi kún ti ijó. CBR, ìyẹn bitrate tí kì í yí padà, ń fún gbogbo wọn bákan náà, ìyẹn ò dáa fún irú iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá fẹ́ fi pamọ́ sílé fún ara mi, CRF ni mo ń lò nínú HandBrake, sọ́fítíwià tó ń yí fídíò padà. Níbẹ̀ o ò ní sọ ìwọ̀n fáìlì, bó o ṣe fẹ́ kó mọ́ tó lo máa sọ, nọ́ńbà tó bá kéré ló mọ́ jù, 23 ni x264, encoder tó ń ṣe H.264, fúnra ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, èmi ń lo 20. Fáìlì á wá tóbi bó bá ṣe nílò.

H.265 ń kọ́? Ó dáa gan-an. Ọ̀nà ìfún fídíò pọ̀ ni àwọn méjèèjì: H.264 ti wà láti 2003, H.265 jáde ní 2013, ó sì lè fi bí ìdajì bitrate ṣe àwòrán tó jọra. Àmọ́ ó ń pẹ́ láti rẹ́ńdà lórí lápútọ̀ọ̀pù tí kò lágbára, ìyẹn epo nìyẹn, mo sì gbé e fún oníbàárà kan lọ́nà Ọ̀wọ̀ rí, ohùn nìkan ni tẹlifíṣọ̀n wọn gbé jáde, ojú ẹ̀ dúdú bíi kóólù. Torí náà, béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi wò ó kó o tó yàn án.

YouTube, wọ́n ní 8Mbps fún 1080 tó jẹ́ 30fps, 12 fún 60fps, 35 sí 45 fún 4K tó jẹ́ 30fps, àwọn náà á tún un fún pọ̀ tó bá débẹ̀, torí náà má fi 50 jẹ dátà ẹ. WhatsApp máa fún un pa ni, àyàfi tó o bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Ẹni tó bá sì gbé fídíò WhatsApp 12MB wá bá ẹ pé kó o jẹ́ kó mọ́, má tàn án pé 50Mbps á tún un ṣe. Ohun tó ti lọ ti lọ, fáìlì ńlá nìkan lo máa rí. Torí ẹ̀ náà ni kó o ṣe máa export láti ara èyí tó wà lórí káàdì nígbà gbogbo, kì í ṣe láti ara èyí tó o ti export tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo ń fi àwọn káàdì pamọ́ sórí hard disk báyìí kí n tó pa á rẹ́.

Ní ti 45GB ẹ yìí, má tíì rẹ́ńdà gbogbo ẹ̀ lóru òní. Lọ síbi tí ìyàwó ti ń jó wọlé, gé ìṣẹ́jú 1 péré níbẹ̀, padà sí 1080, kó o export ẹ̀ ní 5, ní 8, ní 12. Fáìlì wọn á jẹ́ bíi 38MB, 60MB àti 90MB, wàá rí i pé ìṣirò náà bára mu. Wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe lórí fóònù, ojú ìyàwó ni kó o máa wò nígbà tí owó bá ń já bọ́. Èyí tí ojú ẹ̀ ò bá ti fọ́ mọ́, òun ni kó o fi rẹ́ńdà ìyókù, tó o bá ti wò ó, padà wá sọ nọ́ńbà tó o mú fún mi.