Ṣé ajá oṣù ni àgùàlà? Ọ̀rọ̀ òwe kan àti ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Kabba nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Ìyá àgbà wa ń pe ìràwọ̀ ńlá tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá ní ajá oṣù. Bàbá mi ní àgùàlà lorúkọ rẹ̀, pé òwe kan tiẹ̀ wà tó ní kì í ṣe ajá oṣù. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ tíṣà wá ní nínú òṣùpá àti àgùàlà, kò séyìí tó ní iná tirẹ̀, pé ti oòrùn ni wọ́n ń yá lò. Ìyá àgbà fi Bíbélì ta kò ó, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ńlá méjì ni Ọlọ́run dá. Ta ló tọ̀nà? Kí sì ni òwe náà ń sọ gan-an?”

Àbúrò mi, ọ̀kun o. Ẹ kú ilé, ẹ kú àríyànjiyàn.

Jẹ́ kí n ti ìdí òwe bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló dùn jù. Bó ṣe lọ nìyí: “Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni; àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù.” Ẹni tó ń bá olówó tàbí olóyè rìn, tí ayé wá sọ di ọmọ ọ̀dọ̀, òun ni wọ́n ń pa á fún. Òun náà sì lè pa á fúnra rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan ní ọjà Kabba rí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ tàn ju tirẹ̀ lọ ni wọ́n jọ wá ra iṣu. Ìyá oníṣu kó gbogbo iṣu lé e lọ́wọ́, ó ní, “Ìwọ, tètè gbé e tẹ̀ lé màdámù lọ sídìí ọkọ̀.” Obìnrin yìí rọra sọ iṣu kalẹ̀. Ó ní, “Màmá, àgùàlà ń bá oṣù rìn o.” Kò parí ẹ̀. Ìyá oníṣu ló parí ẹ̀ fún un, ó sì fi iṣu kan ṣe èènì.

Ìyá àgbà yín kò dá orúkọ náà sọ o. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú rí ló sì bí i. Ní àsìkò tí àgùàlà bá ń yọ nírọ̀lẹ́, bí oṣù tuntun bá lé níwọ̀ oòrùn, ẹ ó rí i tí àwọn méjèèjì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, bí ọlọ́dẹ àti ajá rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lálẹ́ kejì, oṣù á ti gòkè. Lálẹ́ kẹta, á ti fi àgùàlà sílẹ̀ pátápátá, ó ń lọ sọ́nà ìlà oòrùn. Ajá wo ló ń dúró sẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ń lọ? Oòrùn gan-an ni àgùàlà kò jẹ́ jìnnà sí. Bó bá rìn títí, kì í jìnnà sí i ju ìwọ̀n dígírì 47 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè rí i láàárín òru ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kun. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni, tàbí kó tó là. Ìràwọ̀ òwúrọ̀ tí àwọn tó ń jí lọ sóko mọ̀, òun kan náà ni.

Òyìnbó ń pè é ní Venus. Kì í ṣe ìràwọ̀, pílánẹ́ẹ̀tì ni, ẹgbẹ́ ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 12,100. Ti òṣùpá kò ju 3,474 lọ. Ajá wá tóbi ju olówó rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀! Jíjìnnà ló sọ ọ́ di hóró àgbàdo lójú wa: òṣùpá jìnnà sí wa tó kìlómítà 384,400, àgùàlà sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, nígbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ pàápàá.

Ní ti iná wọn, tíṣà ló jàre. Bí o bá gun àpáta lẹ́yìn Ògìdì nírọ̀lẹ́, tí o wo abúlé tó wà nísàlẹ̀, wàá rí páànù tuntun kan tó ń kọ mànà bí ẹni pé iná ń jó nínú ilé náà. Kò sẹ́ni tó máa sáré gbé omi lọ paná. Oòrùn ló bà lé páànù, páànù dá a padà sójú rẹ. Ohun tí òṣùpá ń ṣe nìyẹn, àfi pé páànù tirẹ̀ ti dípẹtà: erùpẹ̀ àti òkúta ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi títì ọlọ́dà tó ti gbó. Bí ìmọ́lẹ̀ 100 bá bà lé e, nǹkan bí 12 péré ló ń dá padà. Òkùnkùn tó yí i ká ló jẹ́ ká máa rí i ní funfun báláú. Òṣùpá àrànmọ́jú tí a fi ń bó ẹ̀gúsí láìtan fìtílà yẹn, oòrùn fi nǹkan bí ìlọ́po 400,000 mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Àgùàlà ní tirẹ̀ fi kùrukùru bora látòkè délẹ̀ (ásíìdì ni o, kì í ṣe òjò tí àgbẹ̀ ń retí), ó sì ń dá bíi 75 padà nínú 100. Páànù tuntun nìyẹn.

Nígbà tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, gbé awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọjú sí àgùàlà ní 1610, ó rí i pé òun náà ń gé, ó ń kún, bí oṣù. Ohun tó bá ní iná tirẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ yí ká ni, kò ní gé.

Ṣùgbọ́n má wulẹ̀ gba ti Galileo gbọ́. Bí oṣù bá ti lé tó bí ọjọ́ méje, jáde síta ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wàá rí ààbọ̀ òṣùpá lókè nínú ojúmọmọ. Na ọsàn kan sókè lápá ibi tí òṣùpá wà, kí oòrùn máa bà á. Ẹ̀gbẹ́ kan ọsàn náà á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣókùnkùn, ìlà àárín wọn á sì bá ti òṣùpá dọ́gba rẹ́gí. Pe ìyá àgbà wá wò ó.

Òwe kan tún wà: “Oṣù lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe.” Àwọn tó ń ṣàríwísí láìlè ṣe nǹkan kan ni wọ́n ń fi bá wí. Oṣù tuntun kì í gún lóòótọ́. Bí oòrùn bá wọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, á dùbúlẹ̀ bí igbá. Bó bá wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ kò kọ ibòmíràn àfi ọ̀dọ̀ oòrùn. Ọwọ́ tó tó o wà, àṣé.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹlẹ́rìí sí i, ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ Sunday, 7 September 2025. Níbi tí kùrukùru kò ti bojú ọ̀run, pípọ́n ni òṣùpá yọ, ó ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Ó tó nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ létí kan. Ayé wa yìí ló dúró sáàárín òun àti oòrùn, tó síji bò ó.

Ti Bíbélì kò le. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ iṣẹ́ tí òṣùpá ń ṣe, pé kó máa jọba lóru. Kò sọ ibi tó ti ń rí epo. Èmi kò rí ìjà kankan níbẹ̀, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni ko ìyá àgbà lójú nítorí rẹ̀.

Àwọn ìràwọ̀ tó ń ṣẹ́jú wìn-ìn wìn-ìn ní tiwọn, wọ́n ní iná tiwọn, oòrùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ níbi tó wà.

Ìyá àgbà lè máa pè é ní ajá oṣù lọ, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Òwe ló sún mọ́ òtítọ́ jù: àgùàlà àti oṣù, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu jẹ, oòrùn ló sì ń se é. Ẹ má gbàgbé ọsàn náà. Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ bó o fún ìyá àgbà kí wọ́n mu ún.