Ẹ Bi Wọ́n Pé, "Báwo Lẹ Ṣe Mọ̀?"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí pílánẹ́ẹ̀tì máa bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ níbì kan tí mò ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, àyè á sì wà láti bá wọn tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn náà. Èmi ò kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kí ni mo lè bi wọ́n tí kò ní jọ ìbéèrè ọmọdé?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè ọmọdé gan-an ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn onímọ̀ yìí tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Ẹni tó bá bi wọ́n pé "kí lẹ rí?", ohun tó ti wà nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n á sọ fún un. Ẹ bi wọ́n pé "báwo lẹ ṣe mọ̀?", kẹ́ ẹ wá wo bí ojú wọn á ṣe tàn.

Ẹ mú inú Máàsì. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n ní irin yíyọ́ wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀, ńṣe ni obìnrin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yí ìwé ètò ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ya róbótó ńlá kan, ó ya kékeré sínú rẹ̀, ó wá ń fa ìlà gba inú méjèèjì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ẹ̀rọ InSight ti NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí òfuurufú, gúnlẹ̀ sí Máàsì, ó sì gbé ohun èlò tó ń tẹ́tí sí ìmìtìtì ilẹ̀ kalẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì rẹ̀ á gba inú pílánẹ́ẹ̀tì náà. Bó ṣe ń yára sí yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, àwọn kan sì ń ta padà tí wọ́n bá kan ibi tó yọ́. Àsìkò tí ìgbì kọ̀ọ̀kan dé ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìmìtìtì tó lé ní 1,300 ni InSight gbọ́ kó tó dákẹ́ ní ìparí ọdún 2022, nígbà tí eruku ti bo àwọn pátákó tó fi ń gba iná lára oòrùn.

Ìbéèrè míì tí mo fẹ́ràn ni "kí ló yà yín lẹ́nu?" Ẹni tó bá mọ̀ nípa Bennu, òkúta tó ń yí oòrùn po, á sọ fún yín pé lọ́dún 2020, nígbà tí ẹ̀rọ OSIRIS-REx na ọwọ́ rẹ̀ kàn án kó lè bù nínú rẹ̀, ńṣe ni ọwọ́ náà rì wọlé ní nǹkan bí ìdajì mítà. Òkúta tí wọ́n rò pé ó le kò le rárá! Ohun tí wọ́n bù dé sí ilẹ̀ ayé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àmọ́ méjì nínú nọ́ọ̀tì 35 tó de ìdérí ohun tí wọ́n kó o sí kọ̀ kò tú. Irinṣẹ́ tuntun ni wọ́n ní láti ṣe, oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí i. Gbogbo ohun tí wọ́n rí kó jẹ́ gíráàmù 121.6.

ÌBÉÈRÈ: Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ohun ẹlẹ́mìí wà ní Máàsì rí, ó ní "ó ṣeé ṣe". Kí ló dé tí wọn kì í dáhùn tààrà?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i, ó ti dá yín lóhùn tààrà. Ní ọdún 2024, ẹ̀rọ Perseverance rí òkúta kan tí wọ́n sọ ní Cheyava Falls, tó ní tóótòòtóó lára bíi ti àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn èròjà tó wà nínú tóótòòtóó yẹn, kòkòrò àìfojúrí lè mú irú wọn jáde nínú ilẹ̀ tiwa, àmọ́ wọ́n tún lè wáyé láìsí ohun ẹlẹ́mìí kankan. Onímọ̀ tó bá sọ ju "ó ṣeé ṣe" lọ ti fi kún ohun tó rí nìyẹn. Lọ́dún 2020, wọ́n kéde pé àwọn rí gáàsì kan tó ń jẹ́ phosphine, tó lè jẹ́ àmì ohun ẹlẹ́mìí, nínú àwọsánmà Àgùàlà, èyí tí wọ́n ń pè ní Venus. Àwọn ẹlòmíì tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn ò rí i, àríyànjiyàn náà ò sì tíì tán. Èmi bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ṣọ́ ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún pàdé e, ẹ bi í pé: "Kí lẹ fẹ́ rí kẹ́ ẹ tó gbà pé ó dájú?" Ẹ máa pẹ́ níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé inú máa bí wọn tí mo bá dárúkọ Pluto?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Àwọn fúnra wọn ṣì ń jiyàn lórí ìpinnu ọdún 2006 tó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa àwọn òkè oníyìnyín tí ẹ̀rọ New Horizons yà ní fọ́tò nígbà tó kọjá níbẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2015.