Sáfà wa tún ti kú o, dísíkì ti kún

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó sáfà Mastodon kan (ìkànnì bíi Twitter, àmọ́ tó jẹ́ ọ̀pọ̀ sáfà tó ń bára wọn sọ̀rọ̀) tí àwa bí 230 ń lò, Yorùbá la máa ń sọ níbẹ̀, oríkì, oúnjẹ, bọ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀. VPS, ìyẹn apá kan nínú kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ kan, tí mo háyà ní Jámánì ló wà, dísíkì ẹ̀ 80GB. Lóṣù tó kọjá yìí nìkan ó kú lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe wọlé lọ wò ó dísíkì ti kún fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi fọ́tò síbẹ̀ nínú wa ò ju ogún lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Computer Village kí n gbé e sí yàrá mi n'Íbàdàn, pé ibẹ̀ ni mo ti máa rí dísíkì ńlá lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n ṣe é?

Ádímínì, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, kéèyàn jí láàárọ̀ kó bá mẹ́sẹ́ẹ̀jì ogójì lórí WhatsApp, gbogbo wọn ń sọ pé "ádímínì, kò ṣí o". Má tíì ra nǹkan kan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ dísíkì yẹn ná.

Àlejò ló kún ilé ẹ. Bí Mastodon ṣe ń ṣe ni pé tí ẹnì kan nínú yín bá ti ń tẹ̀lé ẹnì kan lórí sáfà mìíràn, yálà ní Japan ni o tàbí ní Kánádà, gbogbo fọ́tò àti fídíò tónítọ̀hún bá gbé síta ni sáfà tiyín máa lọ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ wá sílé kó lè tètè jáde tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, fọ́tò ojú wọn náà ń tẹ̀ lé e wá, àti fọ́tò kékeré tó máa ń jáde lábẹ́ línkì. Torí náà ẹni tí ò tíì fi fọ́tò kan síta rí àmọ́ tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹrù ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kó wọlé fún ẹ lójoojúmọ́. Wọlé sórí sáfà, tẹ àṣẹ Mastodon yìí, tootctl media usage, á ka gbogbo ẹ̀ fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ àpapọ̀ á sì kọ èyí tó jẹ́ tiyín gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó máa yà ẹ́ lẹ́nu bí tiyín ṣe kéré tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ tootctl media remove --days 7. Ẹ̀dà tàwọn ará òde tó ti lé ní ọjọ́ 7 nìkan nìyẹn máa pa, kò ní fọwọ́ kan tàwọn èèyàn ẹ, tẹ́nì kan bá sì tún lọ ṣí ọ̀kan nínú èyí tó pa yẹn, sáfà á tún lọ mú un wá. Kó o má báa máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, lọ sí ojú ewé ádímínì níbi tí wọ́n kọ Content retention sí, fi 7 sínú àpótí ti media cache. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fojú sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀, àpótí kan wà nítòsí ẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ táwọn ará òde kọ, kì í ṣe fọ́tò, tó o bá fi nọ́ńbà sínú ìyẹn, ọ̀rọ̀ wọn á máa pa rẹ́ pátápátá, títí kan èyí táwọn èèyàn ẹ ti fi pamọ́ sí bookmark, kò sì sí bó o ṣe máa dá a padà. Fi ìyẹn sílẹ̀ lófìfo.

Ìdí tí sáfà fi ń kú ni pé Postgres, dátábéèsì níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yín wà, gbọ́dọ̀ máa ríbi kọ̀wé sí, tí dísíkì bá ti kún kò rí i kọ mọ́, ó kú nìyẹn.

Ní ti yàrá n'Íbàdàn, rárá o. Yàtọ̀ sí iná NEPA tá a jọ mọ̀, ọ̀pọ̀ láìnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò nílé, àdírẹ́ẹ̀sì IP kan náà ni wọ́n pín fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ará ìta ò lè kanlẹ̀kùn ẹ. Àwọn tíná ò tiẹ̀ ṣòro fún gan-an rí ìṣòro sáfà inú ilé. Hachyderm, sáfà Mastodon tí Kris Nóva ń ṣe nígbà náà nínú ilé ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà, èrò rọ́ wọ ibẹ̀ lóṣù kọkànlá 2022 nígbà tí Elon Musk ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Twitter, wọ́n di bí 30,000, dísíkì inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, ni wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Jámánì, ibi tí tìẹ wà báyìí.

Ohun tó o ò bi mí ló ń já mi láyà jù: backup ńkọ́? Mo ní sáfà kan nígbà kan, alaalẹ́ ni pg_dump, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì Postgres, máa ń ṣiṣẹ́, mo máa ń rí fáìlì tuntun láàárọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo nílò ẹ̀ ni mo wò ó dáadáa, fáìlì kọ̀ọ̀kan ò ju báìtì 20 lọ. Gzip, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fún pọ̀, tí ò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ nìyẹn. Mo ti sọ Postgres di tuntun, pg_dump tó ń ṣiṣẹ́ ṣì jẹ́ ti àtijọ́, ó kọ̀ jálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Irú ẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn olùkọ kóòdù tọ́jú kóòdù wọn, ní January 31, 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan ṣèèṣì pa dátábéèsì, wọ́n sáré lọ síbi backup, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pg_dump àtijọ́ náà ló fà á.

Nítorí náà lópin ọ̀sẹ̀ yìí, gbé backup tuntun jù lọ sórí láptọ́ọ̀pù ẹ, dá a padà sínú Postgres níbẹ̀, kó o fojú ara ẹ rí orúkọ àwọn 230 yẹn nínú ẹ̀. Ṣe ẹ̀dà fáìlì .env.production náà, kọ́kọ́rọ́ ilé ló wà níbẹ̀. Kó méjèèjì síbòmíì tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó o háyà sáfà lọ́wọ́ wọn, torí nígbà tí ilé sáfà OVH, ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi sáfà háyà, jóná ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé ní March 10, 2021, àwọn tí backup wọn wà nínú ọgbà kan náà pàdánù méjèèjì. Tó o bá ti rí nọ́ńbà tí usage gbé jáde, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá sọ fún ẹ bóyá 80GB yẹn ṣì tó.