Mo ti ṣí pọ́ọ̀tù, àmọ́ ìlù ò wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ̀ ni mò ń gbé, èmi ni mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Àbúrò mi tó ń lu gángan ti kó lọ sí Ìlọrin, ẹni tó ń lé orin sì ti lọ́kọ sí Kàbbà. A fi WhatsApp ṣe ìdánrawò títí, orin kan ṣoṣo ò ṣeé parí. Ìlù máa ń dé lẹ́yìn tí orin bá ti kọjá. Ẹnìkan ní ká lọ gba Jamulus, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn olórin tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ń ṣeré pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n sì ṣí pọ́ọ̀tù 22124, ẹnu ọ̀nà tí ohùn máa gbà wọlé, lórí ráútà mi. Mo ṣí i. Síbẹ̀ wọn ò rí mi bá sọ̀rọ̀. Kí ni mo ṣe tì?
Atẹkíbọ́ọ̀dù, Ẹ̀gbẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òkun o. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ṣe èmi náà níbí ní Kàbbà, òru méjì gbáko ni mo fi ń tú ráútà palẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi rárá.

Wo ibì kan kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ṣí ojú ewé ráútà rẹ (nọ́mbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ nísàlẹ̀, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 ló sábà máa ń jẹ́), kí o wá ibi tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ráútà tó kọjú sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Da àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà, wá “what is my IP” lórí Google. Bí méjèèjì ò bá bára mu, tàbí tí ti WAN bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Agbo ilé ńlá ni, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ lo ṣí. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà àgbàlá kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ráútà tó ń lo síìmù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò ní ìhà tiwa yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ó sábà máa ń rí lórí wọn.

Ohun tí ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn kò sọ fún ọ ni pé kì í ṣe gbogbo yín ló nílò pọ́ọ̀tù tó ṣí. Server nìkan ló nílò rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn gbogbo yín, tó ń pò ó pọ̀, tó sì ń dá a padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ́ pé òun ló ń lọ bá server, ráútà tirẹ̀ á gba èsì wọlé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí àbúrò rẹ ní Ìlọrin bá ń lo okùn fáíbà, tí àdírẹ́sì méjèèjì sì bára mu lọ́dọ̀ tirẹ̀, òun ni kó gbé server kalẹ̀. Ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà rìn, UDP àti TCP, ni ráútà á ní kó yan nínú wọn. Kó yan UDP nígbà tó bá ń ṣí 22124; TCP ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń yàn, kò sì ní ṣiṣẹ́. Kó tún sọ fún ráútà pé kó máa fún láptọ́ọ̀pù náà ní nọ́mbà kan náà nígbà gbogbo. Bí iná bá lọ tó sì dé, ráútà lè fún un ní nọ́mbà tuntun, pọ́ọ̀tù á wá máa tọ́ka sí ibi tí kò sẹ́nìkan.

Bí òun náà bá wà nínú agbo ilé, ẹ dáwó, kí ẹ háyà kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà ní dátà sẹ́ńtà l’Ékòó, kí gbogbo yín máa pàdé níbẹ̀. Ohun tí èmi ṣe nígbẹ̀yìn nìyẹn. Má lọ sórí server Jámánì tí o bá rí nínú Jamulus. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200 nínú okùn fáíbà láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Àlọ àti àbọ̀ Jámánì nìkan á ju 50 irú rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi 30, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, onílù tó jókòó ní mítà mẹ́wàá sí ọ ti tó 29 náà, nítorí ohùn kì í yára nínú afẹ́fẹ́.

WhatsApp ò lè ṣe é rárá: ó máa ń dá ohùn dúró kó lè dán, ó sì máa ń ka gángan sí ariwo tó yẹ kó pa.

Wáyà ni kí o fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà. Jọ̀ọ́, má lo Wi-Fi, má sì lo íápíìsì Bluetooth. Ìdádúró tí Bluetooth nìkan ń fà ti ju Jámánì lọ. Bí Windows lo bá ń lò, fi ASIO4ALL sí i, ètò kékeré tó ń dín ìdádúró ohùn kù nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Kí àwọn ọmọ ilé má wo fídíò ní wákàtí ìdánrawò.

Èyí ló sì ṣòro jù fún wa láti kọ́: pa ohùn kíbọ́ọ̀dù rẹ fúnra rẹ̀, kí o máa gbọ́ kìkì èyí tó ti server padà wá. Ìka rẹ á kọ́kọ́ máa rò pé òun ti pẹ́. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí olúkúlùkù bá ń gbọ́ ohun kan náà tó ti ibì kan náà wá, ìlù á bọ́ sí ààyè rẹ̀. Kí arábìnrin tó ń lé orin di etí méjèèjì pẹ̀lú hẹ́dfóònù, nítorí kò lè pa ohùn ọ̀fun tirẹ̀.

Lórí 4G, ìdádúró máa ń lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ fi orin tó rọra ń lọ bẹ̀rẹ̀, kí gángan máa ṣíwájú, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Kọ àdírẹ́sì WAN tí o bá rí sínú ìwé, kí o fi wé ti Ìlọrin. Bí tìrẹ bá sì jẹ́ ti agbo ilé, ti pọ́ọ̀tù 22124 tí o ṣí yẹn padà lálẹ́ òní.