Èsì mi fún àǹtí tó ń wá eré Kérésìmesì fún àwọn àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ẹ ní máníjà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ètò eré Kérésìmesì lé yín lọ́wọ́ nílé ìtọ́jú àgbà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester. Ó fún yín ní £50, àgbà 20 ló wà níbẹ̀, iyè àwọn kan ti ń rá, àwọn míì ò lè kúrò lórí wheelchair. Ẹ wá ń béèrè eré tí ẹ máa rà. Màá dé ibẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ nínú owó yẹn, ẹ lọ mọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lè gbé mì. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, ojú mi rí màbo.

Máníjà tèmi fẹ́ràn fọ́tò ju àgbà lọ. Lọ́dún kan ó lọ háyà ọkùnrin kan láti ìta, tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì nínú eré àgbàlagbà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún máníjà pé ká má fi ohun jíjẹ ṣe ẹ̀bùn, torí pé àwọn SALT, ìyẹn àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì, ti fi àwọn kan nínú àwọn àgbà wa sí Level 4, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná tí kò ní kókó kankan. Ó ní kí n má ba ayẹyẹ jẹ́. Eré bẹ̀rẹ̀, ìyá kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ ju bọ́ọ̀lù wọ inú bákẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ni ògbóǹtarìgì bá bó toffee kan, ó fi lé ìyá lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti wọ ẹnu.

Ẹ gbọ́ o, ẹni tí nǹkan bá há lọ́fun pátápátá kì í pariwo. Ìyá ò wúkọ́ rárá. Ojú wọn kàn là sílẹ̀, ètè wọn ń ṣú, ọwọ́ wọn kan di apá wheelchair wọn mú gírígírí. Orin ṣì ń lọ, àwọn èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ wọ́n síwájú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá wọn láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kò jáde. Mo gba ẹ̀yìn dì mọ́ wọn, mo di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, mo ń fà á sínú sókè, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ò sì jẹ́ kí apá mi ká wọn dáadáa. Ìgbà tí toffee yẹn bọ́ sórí aṣọ wọn, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. A pe 999, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù láti yẹ inú wọn wò, torí títẹ ikùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe. Ìyá yè é. Ẹ mọ ohun àkọ́kọ́ tí máníjà bi mí? Bóyá mo ti kọ incident form, ìwé tí wọ́n fi ń ròyìn ìjàǹbá. Ògbóǹtarìgì ti kó ẹrù rẹ̀, ó sì gba owó rẹ̀ pé!

Nítorí náà, ẹ ka care plan wọn, ìyẹn ìwé ètò ìtọ́jú ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ bi nọ́ọ̀sì, ẹ bi àwọn ará kíṣìnnì. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan líle sínú pépà, kó wà lápò yín, kí ẹ sì sọ fún àwọn àlejò náà. Sọ́ọ̀kì tàbí ìpara ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀bùn. Òfin ilẹ̀ England, Regulation 9, ní kí ìtọ́jú bá ẹni tí wọ́n ń tọ́jú mu. Ẹ rán máníjà létí rẹ̀ tó bá ní ẹ ń ba ayẹyẹ jẹ́.

Cracker, páálí Kérésìmesì tí ẹni méjì ń fà ya, ńkọ́? Ẹ ra èyí tí kò ní ohun tó ń dún nínú. Wọn ò gbọ́dọ̀ ta èyí tó ń dún fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 12 ní Britain, ẹ wá fẹ́ kó dún pàó létí bàbá tó jagun rí. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kó ọmọ iléèwé wá kọrin, ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi fọwọ́ o. Jẹ́ẹ̀lì ìfọwọ́ ò lè pa norovirus, kòkòrò tó ń fa èébì, ẹ̀yin lẹ máa nu èébì.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ní December, oòrùn ti wọ̀ ní Manchester kí aago mẹ́rin tó lù. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú yẹn ni ara ọ̀pọ̀ àwọn tó ní dementia, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí iyè rá, kì í balẹ̀: wọ́n á máa wá kọ́kọ́rọ́ ilé, wọ́n á ní ọmọ àwọn ń dúró níléèwé. Ẹ ṣeré láàárọ̀. Lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an, ẹ má fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n láago mẹ́ta ọ̀sán, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ̀rọ̀, àwọn àgbà òyìnbó ò ní dárí jì yín.

Ẹ tún béèrè eré tí oníkálukú máa ń ṣe nílé. Bàbá ará Jamaica kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń sùn nídìí bíńgò, eré tí wọ́n ti ń pe nọ́ńbà kí oníkálukú máa sàmì sí i lórí káàdì rẹ̀, àfìgbà tá a gbé dómínò dé. Ó ń gbá a mọ́ tábìlì, tíì ń dànù. Ìyá Ìjẹ̀bú kan náà wà. Nígbà tí mo gbé ọpọ́n ayò wá, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ka ọmọ ayò nínú àtẹ́lẹwọ́ láìwò ó, wọ́n sì jẹ mí láìṣojúsàájú. Àmọ́ ọmọ ayò 48 ni o: ẹ kà á kí ẹ tó kó o, torí ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá lè jù ú sẹ́nu.

Ẹ̀n-ẹ́n, £50 yín. Bọ́ọ̀lù etíkun méjì, tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ẹ má ra bàlúùnù, ègé rẹ̀ tó bá bẹ́ lè há lọ́fun. Aṣọ pàráṣúùtì tí wọ́n lè jókòó di etí rẹ̀ mú, kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, oníwheelchair náà á ṣe é. Dómínò ńlá. Bíńgò, ẹ má rà á: nọ́ńbà 1 sí 90 tàwọn òyìnbó máa ń pẹ́ jù kó tó parí. Ẹ fi máákà dúdú kọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án gàdàgbà sórí káàdì kọ̀ọ̀kan, kó mọ lórí 30. Orin wà lórí fóònù yín. Ẹ tọ́jú rìsíìtì o, wọ́n máa béèrè rẹ̀ kí ẹ tó bọ́ ẹ̀wù òtútù yín.